Ọjọ́ Tí Mo Fọ Abọ́ ní Ọ̀rẹ̀

Kí n tó mọ ojú bàbá mi dáadáa ni mo ti mọ fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Píjò gígùn kan ni, aláwọ̀ eérú, tó ní ìjókòó mẹ́ta léra wọn, irú èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń ná ọ̀nà jíjìn. Fèrè rẹ̀ há díẹ̀, bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Bó bá ti dún ní ìkóríta báyìí, ìyá bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Màmá, á ju asẹ́ gàrí sílẹ̀, á nu ọwọ́ mọ́ ìró, á ní, "Àwọn ará Òkè-Ọya mà dé o!" Èmi á sì sáré bọ́ sẹ́yìn ilé. N kò sá fún ẹnikẹ́ni o. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń lọ fọ̀, nítorí n kò fẹ́ kí bàbá mi bá mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ eléruku. Ìgbà tí n ó bá fi fọ ẹsẹ̀ tán, àwọn àbúrò mi ti so mọ́ Màmá lọ́rùn, bàbá mi ti jókòó, wọ́n ti bu omi fún un mu, kò sì sí ipò kankan tó kù fún mi nínú ìkíni náà ju pé kí n wá kúnlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Màmá á wá sọ pé, "Ṣẹ́gun, Ìyábọ̀ ń kí ẹ," bí ẹni tó ń fi àlejò han àlejò.

Èmi ni àkọ́bí. Ó yẹ kí n tètè sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá bá wa pàdé nígbà náà kò lè fura. Kò pẹ́ tí ìyá tó bí Màmá kú ní Ìmùṣin ni wọ́n bí mi, mo sì jẹ́ obìnrin, ni wọ́n bá sọ mí ní Ìyábọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, orúkọ lásán ni. Lọ́dọ̀ Màmá, ìyá rẹ̀ ló padà wá, kò sì sí àwàdà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ bàbá mi lọ sí Kàdúná, tí ìyá mi ti lóyún Báyọ̀, wọ́n ní Màmá gbé mi pọ̀n, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ máa kẹ́rù yín lọ o. Ìyá tèmi ò re Òkè-Ọya. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ni." Wọ́n ní gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti bímọ báyìí, mo ti ro ẹ̀rín yẹn títí, n kò tíì mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n lọ, mo kù. Ní Kàdúná, wọ́n bí Báyọ̀, wọ́n bí Fọlákẹ́, wọ́n bí Délé, ìyá mi sì di Màmá Báyọ̀ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Bó bá wá sílé ní Pòrógun, àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìyá Ìyábọ̀ ni agboolé ń pè é, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dáhùn.

Ilé Màmá kò tóbi, àmọ́ ìró inú rẹ̀ pọ̀. Gàrí ló ń ṣe. Láàárọ̀ ni àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń bó ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ wọn á máa dún ṣà, ṣà, ṣà. Lọ́sàn-án, igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí á máa ha agbada títí ara èèyàn á fi máa yún un. Nírọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti relé wọn, ohun tó kù kò ju omi ẹ̀gẹ́ tó ń kán lábẹ́ òkúta tí wọ́n gbé lé àpò, tó, tó, tó, àti aago ṣọ́ọ̀ṣì lókèèrè. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fa omi ní kànga, kí n gbálẹ̀, kí n fọ abọ́. Lórí ọ̀rọ̀ abọ́, Màmá kì í gbẹ̀bẹ̀. "Ẹnu tó bá jẹun, ọwọ́ ẹ̀ ló ń fọ abọ́," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, ìbáà jẹ́ nílé wa, ìbáà jẹ́ nílé onílé. Bí a bá lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìmùṣin, tí wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún wa, ojú Màmá á ti wà lára mi kí n tó lá ọwọ́ tán. Èmi náà á ti dìde, n ó ti kó abọ́ gbogbo èèyàn lọ sẹ́yìn ilé. Onílé á ní, "Ẹ jẹ́ ó fi sílẹ̀, àlejò ṣáà ni." Màmá á ní, "Kó fọ̀ ọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Orí mi á wú. Ó ti mọ́ mi lára débi pé bí mo bá jókòó ti abọ́ ìdọ̀tí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó jókòó níhòòhò.

Màmá fẹ́ràn mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Bó bá ń bínú ni mo ń jẹ́ Ìyábọ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Yèyé ni mí. "Yèyé mi, wá jẹun." "Yèyé mi, sún mọ́ mi, òtútù ń mú mi." Lálẹ́, á máa ròyìn ìgbà èwe rẹ̀ fún mi bí ẹni pé mo wà níbẹ̀, á ní, "Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ nà mí nítorí ẹja?" N ó ní mo rántí. Kí ni mo fẹ́ rántí? Ó dára kí èèyàn rí ẹni fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni fún ọmọdé láti máa ṣe ìyá àgbàlagbà. Ó ń wù mí kí n rí ẹni tí èmi náà yóò jẹ́ ọmọ fún. Bí Píjò náà bá ti padà sí Kàdúná, n ó lọ síbi tí ọkọ̀ dúró sí lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkọ̀ náà máa ń jo ọ́ìlì, á sì fi àbàwọ́n dúdú kan sílẹ̀ lórí yanrìn. Mo máa ń da abọ́ ńlá tó ti lu bò ó kí òjò má baà wẹ̀ ẹ́ lọ. Màmá rí i lọ́jọ́ kan. Ó wò mí, ó wo abọ́, ó rọra padà wọlé.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ọ̀nà ńlá tó gba ẹ̀bá ìlú wa lọ sí Bìní ṣì jẹ́ tuntun, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Ìgbà ìsinmi ilé ìwé ni bàbá mi dé, ó ní òun fẹ́ kó gbogbo àwọn ọmọ lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi ní Oǹdó. Nígbà tó di pé òun àti Màmá nìkan ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi sì ń gbálẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, mo gbọ́ tó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Ìyábọ̀ ti tó ẹni tí ó yẹ kó máa gbé pẹ̀lú àwọn àbúrò ẹ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé kan ní Kàdúná."

Màmá ń jọ gàrí lọ. Mo gbọ́ ìró asẹ́ náà títí ó fi dákẹ́.

"Ẹ ti bi í?"

"Ọmọdé ni, Màmá. Kí la fẹ́ bi í?"

"Kó bá yín re Oǹdó ná," Màmá wí. "Ọma tí ò tíì bá yín sun ibì kan rí ni. Bó bá lọ tó bọ̀, tí inú ẹ̀ dùn, èmi fúnra mi ni n ó di ẹrù ẹ̀."

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo lọ dúró létí kànga, mo dojú kọ inú rẹ̀, mo sọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mò ń lọ sí Kàdúná o!" Kànga dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹnu kọ́ bí àwọn àbúrò mi ṣe ń pe bàbá wa. Dádì ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní "sà" lásán. Mo máa ń wí i lábẹ́lẹ̀ bí mo bá ń fa omi, Dádì, Dádì, bí okùn ṣe ń gòkè, àmọ́ n kò jẹ́ kí ó dé etí ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ di ojú ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Màmá ti din ọ̀jọ̀jọ̀ kún inú abọ́ kan, ó di gàrí sínú àpò fún àwọn àna rẹ̀, ó rọ omi mímu kún kẹ̀ẹ̀gì kan. Báyọ̀, Fọlákẹ́ àti Délé jókòó sí àárín níbi tí wọ́n ń jókòó sí láti Kàdúná. Wọ́n fi mí sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, èmi, gàrí, iṣu, àti kẹ̀ẹ̀gì omi. Bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó na ìka, ó ní, "Wáànù, tú—" Màmá figbe ta.

"Ṣẹ́gun! Kí ni wò ń kà? Ewúrẹ́ ni wọ́n? A kì í ka ọmọ! Pe orúkọ wọn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí Màmá má bínú. Báwọn èèyàn bá ń bi mí nísinsìnyí kí ló burú nínú kí a ka ọmọ, n kì í mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n kàn bí wa bá a ni. Ohun tí a bá kà, a ti fi ojú sí i pé ó lè dín. Bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

"Báyọ̀!"

"Sà!"

"Fọlákẹ́!"

"Sà!"

"Délé!"

"Sà!"

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ti fẹ́ wọlé síwájú nígbà tí Màmá fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀. "Ìyábọ̀ ńkọ́?"

"Áà, Ìyábọ̀," bàbá mi wí, ó fi ọwọ́ lu orí ara rẹ̀. "Ìyábọ̀!" Mo fi gbogbo agbára dáhùn pé "Sà!" débi pé Délé fi ọwọ́ dí etí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè wí lọ.

Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn Píjò gígùn mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Gíláàsì ẹ̀yìn ló wà lọ́dọ̀ rẹ. Ohun tí àwọn tó wà níwájú bá rí, tí wọ́n bá nawọ́ sí i, tí wọ́n bá kígbe, ìwọ á rí i nígbà tó bá ti ń kọjá lọ. Àwọn àbúrò mi ní eré kan tí wọ́n ń ṣe lójú ọ̀nà: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀ àjàgbé pupa ló jẹ. Wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, wọ́n á ju Hausa kan sí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín àrín-tàkìtì. Mo gbìyànjú láti bá wọn ṣe é, àmọ́ ọkọ̀ pupa tí mo bá rí, ó ti di ti ẹlòmíràn. Mo ní, "Mo rí òmíràn tó ń re ibẹ̀ẹ̀ un!" Báyọ̀ sín Ìjẹ̀bú ẹnu mi jẹ, ó ní, "Ó ń re ibẹ̀ẹ̀ un!" Ìyá mi bá a wí, ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Báyọ̀ ní òun mọ̀. Ìyá mi ju súìtì sẹ́yìn, wọ́n pín in láàárín ara wọn, kò ku nǹkan kan kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò sì sẹ́ni tó ṣe é pẹ̀lú ìkà. Ọwọ́ wọn kàn mọ iye tí wọ́n jẹ́ ni. Iṣẹ́ kan péré ni mo ní. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹnì kan, á na ife sẹ́yìn, á ní, "Omi," n ó sì bù ú. Mo ń bù ú tìṣọ́ratìṣọ́ra kí ẹ̀kán kan má dà. Igbó ń sá lọ lẹ́yìn wa, oko rọ́bà ń sá lọ, àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ létí ọ̀nà ń kéré lọ títí wọn kò fi jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ "Dádì" wà lẹ́nu mi bí súìtì tí wọn kò fún mi.

A dé Ọ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ti mú. Ibẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ ti máa ń dúró jẹun, ariwo ibẹ̀ sì lè di èèyàn létí. Bàbá mi wa ọkọ̀ sábẹ́ ibòji kan, a wọ ilé oúnjẹ tí wọ́n fi páánù kọ́, a jẹ ìrẹsì àti ẹja. Obìnrin tó ni ibẹ̀ sanra, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jà, àmọ́ ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ata díẹ̀ sí i. Bí a ṣe jẹun tán, bàbá mi sanwó, ó ní kí kálukú lọ tọ̀ kí a tó gbéra. Àwọn àbúrò mi dìde, wọ́n fi abọ́ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo abọ́ náà. Mo wo ìyá mi. Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. N kò mọ̀ pé ibi tí a bá ti sanwó, owó náà ti fọ abọ́. Ta ni yóò ti sọ fún mi? Èmi àti Màmá kì í jẹun níbi tí wọ́n ti ń tà á. Mo rò pé ojú Màmá tó máa ń wà lára mi, ojú ìyá mi ló wà níbẹ̀ lónìí, mo sì fẹ́ kó rí i pé wọ́n kọ́ mi. Mo kó abọ́ gbogbo wa léra wọn, mo gba ẹ̀yìn páánù lọ síbi tí ọmọbìnrin kan ti ń fọ abọ́ nínú ọpọ́n ńlá. Mo ní kó sún fún mi. Ó wò mí bí ẹni rí nǹkan, ó sì sún.

Ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ nígbà tí mo gbọ́ ohùn bàbá mi ní iwájú.

"Báyọ̀!"

"Sà!"

"Fọlákẹ́!"

"Sà!"

"Délé!"

"Sà!"

Mo ti la ẹnu. Mo fẹ́ kí ohùn mi lágbára kó lè ré páánù kọjá. Mo dúró. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó pa dé. Mo ṣì la ẹnu sílẹ̀. Àwọn èèyàn tí mo bá sọ ìtàn yìí máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò sáré, kí ló dé tí n kò kígbe. N kò lè ṣàlàyé fún ẹni tí Màmá kò tọ́. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í dáhùn ìpè tí a kò pè é. Àti pé abọ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tí ọṣẹ wà lára rẹ̀. Mo ṣàn án. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ. Mo nu ọwọ́. Nígbà tí mo fi yọ sí iwájú, ọkọ̀ ti lọ. Lábẹ́ ibòji náà, ohun tó kù ni àbàwọ́n ọ́ìlì dúdú kan lórí ilẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo jókòó tì í. Ní Pòrógun, ó kéré tán, mo ní abọ́ tí mo lè dà bò ó.

Obìnrin onírẹsì ló kọ́kọ́ rí mi. "Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Bàbá Ìyábọ̀, mà."

"Ta ni ń jẹ́ Ìyábọ̀?"

"Èmi ni, mà."

Ó wo ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. "Háà! Wọn ò ka yín kí wọ́n tó lọ ni?"

"A kì í ka ọmọ, mà," mo wí.

"Òótọ́ ni," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "A kì í ka ọmọ." Ó bá pariwo sí àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Oǹdó pé bí wọ́n bá rí Píjò eléérú, kí wọ́n ní ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ òun. Ẹnì kan ní kí wọ́n fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó ní, "Rárá o. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ibi tí wọ́n fi í sí ni wọ́n á ti bá a." Ó fún mi ní ẹran, n kò lè jẹ ẹ́. Mo padà sẹ́yìn páánù, mo sì ń fọ abọ́ lọ, abọ́ wa, abọ́ àwọn awakọ̀, abọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí. Bí fèrè bá ti dún, n ó gbé orí sókè. Fèrè pọ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó há láàárín wọn. N kò sunkún, nítorí inú mi kò bàjẹ́ nígbà náà tó bí ojú ṣe ń tì mí. Ojú ń tì mí pé gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí mo ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Nígbà tí fèrè tó há náà dún, oòrùn ti rẹlẹ̀. Mo sáré. Lákọ̀ọ́kọ́, mo fi omi ṣan ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo sáré. Bàbá mi ti bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí. Mo dé iwájú rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí ọmọ ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mo ṣe èyí tí mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn."

Bàbá mi dún bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan gún. Ó gbé mi nílẹ̀, ẹni tó ti dàgbà ju ẹni à ń gbé lọ, ó ń pe, "Ìyábọ̀, Ìyábọ̀, Ìyábọ̀." Ìyá mi ń sunkún sínú gèlè. Obìnrin onírẹsì ní, "Ọ̀gá, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Abọ́ yín ló ń fọ̀ lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn nígbà tẹ́ ẹ lọ." Bàbá mi wo ẹ̀yìn páánù náà, ó wò ó títí. Inú ọkọ̀, mo tún jókòó sẹ́yìn. Délé, tó kéré jù, tí kò mọ irọ́ pa, kọjú sí mi. "Òùngbẹ ló gbẹ Àǹtí Fọlákẹ́," ó wí. "Ó na ife sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó gbà á." Ìyá mi ní kó dákẹ́. Bó ṣe di pé mo mọ̀ nìyẹn pé omi ni wọ́n kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá mi.

Wọ́n ṣe wá lálejò dáadáa ní Oǹdó, àmọ́ n kò rántí púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé ibikíbi tí a bá ti dúró, ìbáà jẹ́ láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, orúkọ mi ni bàbá mi kọ́kọ́ ń pè. Ó ń pè é sókè, ohùn rẹ̀ á gbọ̀n díẹ̀, kò sì ní pe òmíràn títí n ó fi dáhùn. Ohun tí mo ti ń fẹ́ ni, ó wá dé tán, kò sì dùn lẹ́nu mi. Kò pè mí bí ó ṣe ń pe àwọn yòókù. Àwọn yòókù, ó ń pè wọ́n láìronú.

Nígbà tí a padà dé Ìjẹ̀bú-Òde, Màmá ti ń dúró níta. Ó dì mọ́ mi, ó gbóòórùn orí mi, ó ní, "Àjò ò dùn kónílé má relé." Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ fún un. Lálẹ́, ó pè mí sí iwájú gbogbo èèyàn. Àpótí mi kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti nù ún.

"Yèyé mi, ṣé inú yín dùn? Ṣé kí n di ẹrù?"

Mo wo bàbá mi. Ó ń wo ilẹ̀. Bó bá gbé ojú sókè nígbà náà, tó ní "Máa bọ̀" péré, n bá lọ. N bá bá wọn dé òpin ayé nínú ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Kò gbé ojú sókè.

"Ta ni yóò máa bá yín fa omi, Màmá?" mo wí.

Màmá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ti àpótí náà sábẹ́ àga. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé èémí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Nísinsìnyí, kò dá mi lójú mọ́. Ó lè jẹ́ èémí ẹni tó mọ̀ pé òun kò lẹ́nu láti bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sí Kàdúná, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní, "Ìyábọ̀!" Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo dáhùn láti ibi tí mo wà, mo ní, "Sà." Ó yíjú wò mí, ó gbọn orí, ó wá ń pe àwọn tó ń bá a lọ.

Màmá ti lọ, ìyá mi ti lọ. Báyọ̀ àti Fọlákẹ́ wà lókè òkun, Délé wà ní Àbújá. Èmi tí wọn kò gbé lọ náà ni mo wà nílé nígbà tí bàbá mi darúgbó, tó di pé kò lè dá gbé mọ́, ni mo bá gbà á sí Pòrógun, sí ilé ìyá rẹ̀. Àgbà dé, ọ̀pọ̀ nǹkan sì ti kúrò lórí rẹ̀. Ó gbàgbé iṣẹ́ ìjọba, ó gbàgbé Kàdúná. Àmọ́ bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá gbé àga rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á di ọ̀pá rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, á wo iwájú bí ẹni tó fẹ́ ná ọ̀nà jíjìn. Á ní, "Báyọ̀!" Kò sí Báyọ̀ níbẹ̀, n ó dá a lóhùn pé "Sà." "Fọlákẹ́!" "Sà." "Délé!" "Sà." Gbogbo wọn ni mò ń jẹ́.

Lẹ́yìn náà, á pe Ìyábọ̀. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tó pè é, omi ti lé sí mi lójú kí n tó dáhùn. Mo ní, "Èmi rèé, Dádì." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi sétí rẹ̀. Bàbá mi yíjú sí mi. Ó wo irun orí mi tó ti funfun, ó wo ojú mi, ó sì fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn, bí a ti í dá ìyá àgbàlagbà lóhùn.

"Ẹ máà bínú, mà. Ẹ̀yin kọ́. Ọmọ kékeré ni. Ó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn." Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga. "Mi ò lè gbéra láìjẹ́ pé ó dé. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

Mo ní, "Kò burú, sà." Mo fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn, a sì jọ ń dúró dè é.